Ọ̀nà Tó Lọ Láti Ojú dé Ọ̀fun

Àwọn ọmọ tó ń parí sẹ́kọ́ńdìrì ní Ẹnu Ọwá níbí máa ń wá bi mí pé ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ojú dára láti kọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé ó dára, àmọ́ kì í jẹ́ kí èèyàn sinmi. Bí ẹ bá ń kí mi lójú ọ̀nà, tẹ́ ẹ rò pé mò ń dáhùn, ọmọlójú yín ni mò ń wò. Bí mo bá rí ẹni tó fi èjìká gbá ògiri tó sì ní òun kò rí i, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n àyà mi kò tíì fẹ̀yìn tì.

Ẹni tó ń já mi láyà jù báyìí ni Rasákì, àkọ́bí mi, tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní páálí páálí l'Ókè Àrin. Ó ti lé lógójì ọdún. Ojú bàbá tó bí mi lọ́mọ fọ́ kó tó kú, àrùn tó sì fọ́ ọ jẹ́ èyí tó máa ń rìn nínú ẹbí. Mo ti bẹ Rasákì títí pé kó jẹ́ kí wọ́n wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín ló máa ń fi mí rín.

"Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Èmi tí mò ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí láti òdìkejì títì? Ojú mi kò ní wàhálà kankan. Bàbá àgbà darúgbó ni, gbogbo arúgbó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ibẹ̀ gan-an ló ti ṣìnà, màá sì dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí.

Bí wọ́n ṣe gbà mí kò ní ìtàn nínú. Mo kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo jókòó ìdánwò, wọ́n ní kí n lọ sí ilé ìwòsàn ojú kékeré kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ti wó báyìí tí wọ́n sì fi ilé ìtajà rọ́pò rẹ̀. Owó oṣù ibẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ lọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í rẹ́rìn-ín, Màmá Sísítà ni gbogbo wa ń pè é.

Bí a bá ti dé láàárọ̀, á ní, "Ẹ nawọ́." Á mú èékánná oníkálùkù, á fi ra ẹ̀yìn ọwọ́ onítọ̀hún. Bó bá ha ara rẹ, ilé yá nìyẹn. Ó ní awọ iwájú ojú tó mọ́ gaara bíi dígí yẹn, kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú rárá, ìdí nìyẹn tó fi mọ́, ìdí nìyẹn náà tí ọgbẹ́ rẹ̀ kì í fi í tètè jinná. Ẹ̀rù èékánná ara mi bà mí débi pé mo ń jẹ ẹ́ lójú oorun.

Lọ́sẹ̀ tí mo dé, ó ní kí n lọ ra ojú màálù wá. Mo lọ bá alápatà, ẹnu yà á.

Ó ní, "Àǹtí, ojú nìkan? Ẹ ò ra orí? Kí lẹ fẹ́ fi ojú ṣe?"

Mo ní, "Ọ̀gá mi ló rán mi."

Ó ní, "Ọ̀gá yín yẹn, ẹ máa ṣọ́ra fún un o."

Màmá Sísítà la ojú màálù náà sórí àwo pẹrẹsẹ, ó ní kí n máa fọwọ́ kan ohun tóun bá pè. Dúdú ojú tó yí ọmọlójú ká, tó ń jẹ́ kí ọmọlójú fẹ̀ nínú òkùnkùn, kó sì sún kì nínú oòrùn. Ọmọlójú fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé ihò lásán ni, ojú fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni dígí inú ojú, kóró kan tó mọ́ tó sì ń yọ̀ bọ̀rọ́. Ó gbé e lé ìwé ìròyìn, lẹ́tà abẹ́ rẹ̀ sì fẹ̀ sí i lójú mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni omi kíki bí ògì tútù, lẹ́yìn náà awọ tó tẹ́ sí ògiri ẹ̀yìn ojú níbi tí àwòrán ayé ń bọ́ sí. Ti màálù ń dán bí ìkarahun. Ó ní tiwa kì í dán bẹ́ẹ̀, màálù ló ń jẹko nínú ìdájí. Nígbẹ̀yìn ó yí i padà, ó fi okùn funfun kan hàn mí tó jáde lẹ́yìn ẹyinjú bí òwú fìtílà.

Ó ní, "Sìdíkátù, iṣan tó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ rèé. Bí dígí inú ojú bá ṣú, dókítà á yọ ọ́, á fi òmíràn sí i. Bí èyí bá kú, kò sẹ́ni tó lè jí i láyé."

Ohun tó sì ń pa á, omi ni. Omi kan wà nínú ojú tó ń wọlé tó ń jáde. Bí ihò tó ń gbà jáde bá ń dí, omi á pọ̀, á máa tẹ iṣan náà mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Glọkómà ni wọ́n ń pè é. Kì í dunni, kì í mú kí ojú pọ́n, etí etí ló ti máa ń jẹ ìran wọ àárín. Omi yìí yàtọ̀ sí omijé o. Omijé wà lóde ojú, ihò tíńtín kan wà ní igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú tó ń gbà bọ́ sínú imú, kó tó sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀fun. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹni tó ń sunkún yé fọn imú. Ẹ fi ọ̀nà yìí sọ́kàn, òun ló da ilé bàbá mi rú.

Ọjọ́ kan, ó fi báńdéèjì di ojú mi kan, ó fún mi ní abẹ́rẹ́ àti òwú. Èmi ọmọ aránfìlà, mo ní ìyẹn kì í ṣe nǹkan. Òwú kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́ lọ́tùn-ún, ó kọjá lósì, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní ojú méjì la fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Ó wá ní àwọn méjèèjì tún máa ń bo àṣírí ara wọn: ọ̀kan lè máa kú lọ, ìkejì á máa ríran fún un, olójú kò sì ní mọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbọ́dọ̀ sí aláìsàn tí a kò ní bo ojú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.

Ìka ọwọ́ la kọ́kọ́ fi ń mọ ojú tí omi ti pọ̀ nínú rẹ̀. Aláìsàn á pa ojú dé, a ó fi ìka méjì tẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àgbálùmọ̀ ni Màmá Sísítà fi kọ́ wa, èyí tó pọ́n àti èyí tó ṣì le. Lẹ́yìn náà ni irin kékeré kan dé tí à ń gbé lé orí ẹyinjú lẹ́yìn tí a bá ti kán oògùn tí kò ní jẹ́ kó dun aláìsàn. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sójú dé. Àwọn màmá Ìsàlẹ̀ Èkó máa ń ta gìrì bó bá ti fẹ́ fúù, wọ́n á ní mo gbá àwọn létí. Báyìí, ẹ̀rọ ti wà tó ń ya fọ́tò ẹ̀yìn ojú gan-an.

Oògùn glọkómà tí wọ́n ń kán sójú náà ti yí padà. Èyí tí wọ́n ń lò nísinsìnyí, ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́ ló pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Tayé ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni, ó ń ta, ó ń mú kí ọmọlójú kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ilé á sì ṣókùnkùn lójú ẹni. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ohun tí Màmá Sísítà ń sọ fún wọn nìyẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ń ráhùn.

Bàbá mi wà lára àwọn tó ń lo oògùn yẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, fìlà ló ń rán nínú agbo ilé wa, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ kó òwú sí lára. Ojú rẹ̀ òsì ti lọ kí n tó mọ nǹkan kan nípa ojú. Èmi fúnra mi ni mo mú un wá sí ilé ìwòsàn wa nígbà tí mo rí i tó ń yí orí bí adìyẹ kó tó lè rí abẹ́rẹ́. Dókítà ní ojú ọ̀tún ló kù, oògùn yìí ló sì máa dá a dúró. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Bí mo bá wọlé, kí n tó kí i, mo ti ń bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti kán an?" Á ní, "Mo ti kán an, Dókítà Ìsàlẹ̀ Èkó," á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ààwẹ̀ kì í sú bàbá mi. Lẹ́yìn ti Ramadaani, á gba ti oṣù Rájábù, á gba ti Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé gbogbo ọjọ́ tó bá gbààwẹ̀, kì í fọwọ́ kan oògùn. Àfáà Yékínì, tó ń ṣe wàásù fún wọn ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ ilé wa, ti ṣàlàyé pé ohunkóhun tó bá dé ọ̀fun ti ba ààwẹ̀ jẹ́. Bí bàbá mi bá sì kán oògùn sójú, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ á korò, á sì pẹ́ kó tó lọ, ìyẹn ni kì í fi í kán an lóru pàápàá. Kò sẹ́ni tó parọ́ fún un. Ahọ́n rẹ̀ ló jẹ́rìí.

Nígbà tí Ramadaani ọdún kan ń parí lọ, a gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láti wo oṣù. Bàbá mi ló máa ń kọ́kọ́ rí i láàárín àwọn àgbà ilé, ó sì máa ń fi yangàn. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn èèyàn nàka sí i, wọ́n ń ṣe kábàrà. Oṣù náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó hàn ketekete lókè ọ̀sà. Bàbá mi náà nàka, ó ní, "Hẹn-ẹn, mo ti rí i." Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo dúró sí. Ibi tó nàka sí, ògiri ilé ẹlòmíì ló wà níbẹ̀.

N kò lè sọ̀rọ̀ lójú àwọn èèyàn. A sọ̀ kalẹ̀, mo dì í lápá mú, mo bi í pé, "Bàbá, ìgbà wo lẹ ti kán oògùn yín kẹ́yìn?"

Ó wá ní, "Oṣù kan péré ni, Sìdí. Mo ní bí mo bá ti túnu tán pátápátá, màá padà sídìí ẹ̀. Ó ń dé ọ̀fun mi. Ṣé kí n máa febi pa ara mi lásán ni?"

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ lọ́jọ́ ọdún, mo gbé e lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú aṣọ ọdún lọ́rùn. Màmá Sísítà fi ìka tẹ ìpéǹpéjú rẹ̀, ó gbójú kúrò lára mi. Ojú náà le bí òkúta. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, omi náà sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ ìran tó ti lọ kò padà. Ìmọ́lẹ̀ ni bàbá mi ń rí láti ọjọ́ náà, kò tún rí abẹ́rẹ́ mọ́. Mo sunkún nínú ọdẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn bí ọmọdé, inú sì bí mi sí Àfáà Yékínì débi pé mo fẹ́ lọ tú u láṣọ ní mọ́ṣáláṣí.

Bàbá mi ló dá mi dúró. Ó ní, "O ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ààwẹ̀ ló fà á. Wọ́n á ní ìsìn Ọlọ́run ló fọ́ mi lójú. Sọ pé ọjọ́ ogbó ni." Ohun tí gbogbo ilé gbọ́ nìyẹn, òun náà sì làwọn ọmọ mi gbọ́ dàgbà.

Màmá Sísítà náà sọ tiẹ̀. "Má lọ bá Àfáà jà. Òótọ́ ló sọ, ọ̀nà wà níbẹ̀. Ìwọ lọ fi ọ̀nà náà hàn án, kí o sì fi bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ hàn án." Ó fún mi ní ọ̀dà yẹ́lò tí dókítà máa ń kán sójú láti fi wá ọgbẹ́.

Mo lọ bá Àfáà lẹ́yìn ìrun Àsárì. Àwọn àgbà jókòó lórí ẹní, bàbá mi wà láàárín wọn. Mo kí wọn, mo kúnlẹ̀, mo kán ọ̀dà náà sójú ara mi ọ̀tún. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo fọn imú ọ̀tún sínú aṣọ ìnujú funfun, yẹ́lò ló jáde. Mo wá kán an sójú òsì, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí mo pa ojú dé, mo fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, mi ò gbé e kúrò títí ojú fi gbẹ. Mo fọn imú òsì. Aṣọ náà funfun bó ṣe wà.

Bàbá mi rọra bi ẹni tó jókòó tì í pé, "Àwọ̀ wo ló jáde?" Ojú tì mí fún omijé tó bọ́ lójú mi lẹ́yìn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ojú náà ṣe ẹ̀rí.

Àfáà Yékínì gba aṣọ ìnujú náà, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣe é fún èmi náà." Mo ṣe é fún un. Nígbà tó fọn imú tán, ó jókòó. Ó wá bi mí pé, "Bí ẹlòmíì ò bá mọ̀ ọ́n tẹ̀ ńkọ́? Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n?" Mo ní mi ò mọ̀, Àfáà ni wọ́n.

Kí Ramadaani tó tẹ̀lé e tó wọlé, ó sọ ọ́ létí gbogbo ìjọ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pa oògùn ojú tì. Ẹni tó bá ń kọminú, kó fi ìka tẹ igun ojú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè tẹ̀ ẹ́, aláìsàn ni, Ọlọ́run sì ti fàyè gba aláìsàn láti san ààwẹ̀ padà. Látìgbà náà, lọ́dọọdún títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo máa ń lọ káàkiri mọ́ṣáláṣí kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, mò ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ ìka. Ọ̀pọ̀ ojú ló là. Síbẹ̀, bí wọ́n bá rí oṣù ọdún, tí gbogbo èèyàn ń yọ̀, ìka àwọn arúgbó ni mò ń wò, bóyá ibi tó yẹ ni wọ́n nà án sí.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà rí, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ wò ó bóyá ẹ lè gbé e.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá Rasákì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń to páálí. Mo ní, "Bàbá àgbà kò darúgbó o. Nígbà tí ojú rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ, kò tíì dàgbà tó ọ." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ààwẹ̀, ti oògùn, ti oṣù tí kò rí. Ó gbé páálí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jókòó lé e.

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?"

"Òun ló ní kí n má sọ ọ́. Àmọ́ mo rò pé tí ó bá wà láyé, á ní kí n sọ fún ìwọ."

Ó wá pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá jókòó ti ọjà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá nílé ìwòsàn ojú kéré lọ́jọ́ orí, èékánná rẹ̀ sì dára, mo wò ó. Ó mú wa wọ yàrá tí wọ́n ti ń ka pátákó lẹ́tà, ó tan iná inú pátákó náà, ó ní kí Rasákì fi ọwọ́ bo ojú òsì. Rasákì ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, àní lẹ́tà tó kéré jù lọ. Ó yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti gbọ́ àbí? Gbogbo wàhálà yìí." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ó dáa, sà. Ẹ bo ọ̀tún báyìí."

Ó bò ó. A ń retí. Kò kà á.

"Ẹ máa kà á, sà."

Ó ní, "Ṣé ẹ ti pa á ni?"

Nọ́ọ̀sì náà wo ojú mi. Pátákó náà ń tàn yòò níwájú wa, mo lè ka gbogbo lẹ́tà tó wà níbẹ̀ láìwọ awò.

Rasákì ṣì na ọrùn sí i. Ó ní, "Màámi, ẹ bá mi sọ fún wọn, kí wọ́n tan iná."